Ọwọ́ Tí Ń Bọ́ Ẹja Ni Ó Ń Bọ́ Èérí Omi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé ránṣẹ́ pè mí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pé kí n wá wo òkun tí òun gbé sínú pálọ̀. Èmi tí a bí sí Ibiade, ní ẹkùn ilẹ̀ tí odò, ọ̀sà àti òkun jọ pín láàárín ara wọn, tí mo ti ń sin ẹja àrọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú bí kóró iṣin, mo rò nínú ara mi pé kí ni ọmọdé fẹ́ fi hàn mí nípa ẹja tí ojú mi kò tíì rí. Àfi ìgbà tí mo wọlé, tí mo bá àpótí gíláàsì kan tí ó gba 200 lítà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí iná aláwọ̀ sánmà ń tàn sórí rẹ̀, tí ẹja aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ aró ń gba àárín òkúta kọjá, tí iyùn tí ó wà láàyè sì na ọwọ́ wẹ́wẹ́ jáde láti ara òkúta náà bí ẹni tí ń tọrọ oúnjẹ. Òtítọ́ ni pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, aṣọ tí n kò rí rí ni ọmọdé fi hàn mí.

Àwa Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè mọ iyùn lọ́rùn ọba àti lọ́wọ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé egungun ẹranko kékeré tí ń gbé ìsàlẹ̀ omi ni ẹ̀ṣọ́ tí a ń fi yangàn yìí, àti pé inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wú iyùn pupa tí àwọn Potogí ń kó wá bá Ọba Bìní ṣòwò ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn? Òkun tiwa, níbi tí Òde-Omi àti Mákùn-Omi dojú kọ ìjì, kò ní òkìtì iyùn irú èyí tí ó wà ní ẹ̀bá Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, nítorí pé odò ńláńlá ń da ẹrẹ̀ sí i láìsinmi, omi tútù a sì máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni iyùn kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé iyùn sínú ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ti gba iṣẹ́ Olókun Sẹ̀níadé ṣe: òun ni yóò da iyọ̀ mọ́ omi títí yóò fi pé nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan, òun ni yóò ṣọ́ ooru omi náà, òun náà ni yóò sì dá èérí rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ èérí yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ọmọ náà tún fi pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí o, ẹ̀jẹ̀ ti bo ilẹ̀ omi mi." Mo wọkọ̀, mo lọ. Ohun kan ti tẹ́ aṣọ lé gbogbo iyanrìn funfun inú àpótí náà, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí osùn tí ó ti pẹ́ nínú igbá. Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo fi èékánná ṣí etí rẹ̀, ó sì bó lódidi bí awọ tí ń dì lójú ẹ̀kọ nígbà tí ẹ̀kọ bá ń tutù. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ ọ̀gọ̀dọ̀, afẹ́fẹ́ wíńníwíńní sì há sí abẹ́ rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ. Ọmọ náà sọ fún mi pé bí òun bá pa iná lálẹ́, ilẹ̀ a mọ́ tí ohun náà a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ṣùgbọ́n bí iná bá ti tàn títí di ọ̀sán, a tún ti bo ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe irú nǹkan báyìí ní ewé omi, ìyẹn àwọn ewéko wíńníwíńní tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé. Bakitéríà ni, ẹ̀yà kan pàtó nínú bakitéríà tí ó mọ bí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ jẹ gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń ṣe, tí wọ́n sì ń pè ní aláwọ̀ aró nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bí omi aró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ti inú òkun a máa pupa. Kí a tó bú wọn, ó yẹ kí a mọ̀ pé àgbà ni wọ́n nínú ayé: àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí jáde sínú sánmà, láti ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí igi, kò sí ẹja, kò sí ẹni tí yóò pe ara rẹ̀ ní ọmọ ènìyàn. Ní ẹ̀bá adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu a máa sẹ́ ẹ̀yà kan nínú wọn kúrò lójú omi, wọn a sá a sórí iyanrìn títí yóò fi gbẹ, wọn a sì fi se ọbẹ̀. Dihé ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń ṣe ara lóore. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n ìbátan wọn mìíràn a máa ní oró. Ní ọdún 2020, erin tí ó lé ní 300 kú ní Bòtìsúwánà, ìjọba ibẹ̀ sì sọ lẹ́yìn àyẹ̀wò pé oró bakitéríà inú omi tí wọ́n ń mu ni ó pa wọ́n. Ní oṣù Ògọ́sì ọdún 2014, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n lé ní 400,000, pé kí wọ́n má fi omi ẹ̀rọ kan ẹnu, kí wọ́n má tilẹ̀ sè é, nítorí pé iná kò lè pa oró náà. Adágún Erie tí wọ́n ń pọn omi ìlú láti inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ajílẹ̀ tí òjò sì ń gbá kúrò nínú oko wọ inú rẹ̀ ni ó bọ́ ohun tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ di gbólóhùn ìkẹyìn yìí mú, nítorí òun náà ni a óò padà wá bá ní pálọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ní kòtò ẹja Ibiade.

Kí n tó dé Èkó, ọmọ náà ti sáré lọ bá ẹni tí ó ta ẹja fún un, ẹni náà sì ti ta ìyẹ̀fun oògùn kan fún un. Nígbà tí mo ka ohun tí a kọ sí ara ike rẹ̀, mo rí i pé erythromycin ni, oògùn tí dókítà ń kọ fún ènìyàn tí kòkòrò àrùn wọ̀ lára. Mo ní kí ó má dà á. Ó ní òun ti dà á láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó fi ayọ̀ pè mí pé iyanrìn òun ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ní ọjọ́ karùn-ún omi náà rú bí omi ògì, ẹja ń yọ ẹnu lójú omi, nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò sì fi parí, ẹja aláwọ̀ ìyeyè méjì àti iyùn tí ó dára jù ti kú. Kí oṣù náà tó pé, aṣọ pupa ti tún tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni pé a kò lé e lọ rí.

Oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Nínú òkúta àti iyanrìn àpótí bẹ́ẹ̀, bakitéríà mìíràn ń gbé tí ojú kò lè rí, àwọn tí Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ́kọ́ tú àṣírí iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1890. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja pẹ̀lú oúnjẹ tí ó jẹrà ń di amóníà, májèlé tí ń jó ìjàgbọ̀n ẹja bí iná. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò rí wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ amóníà náà di náítíráìtì, wọn a sì tún sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní oró. Wọn a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀ nínú àpótí titun, ẹni tí ó bá sì da oògùn apakòkòrò lé wọn lórí lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́. Aṣọ pupa tí ó kú náà kò sì kúrò nínú omi: ó jẹrà síbẹ̀, ó di oúnjẹ fún èyí tí yóò hù tẹ̀lé e. Mo tún kórìíra àṣà yìí fún ìdí mìíràn, pé oògùn tí a ń dà lọ́nàkọnà sínú omi ẹja ń kọ́ kòkòrò àrùn ní bí wọn yóò ti fojú di oògùn, títí yóò fi di ọjọ́ tí ọmọ wa yóò ṣàìsàn, tí a óò lo oògùn kan náà fún un, tí kò ní ràn án.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Mo bi ọmọ náà léèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń bọ́ ẹja rẹ̀ lójúmọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí pé bí òun bá ti súnmọ́ gíláàsì ni wọ́n ń sáré wá bá òun, àánú wọn sì ń ṣe òun. Àánú ni! Ẹja mẹ́fà tí kò gùn ju ìka lọ ni ó ń fún ní oúnjẹ tí ó tó ogún ẹja, ìyókù ń rọ̀ sí àárín òkúta, ó ń jẹrà, ó ń di náítíréètì àti fọ́síféètì, ìwọ̀nyí gan-an sì ni èérí náà ń jẹ. Omi kànga tí ó ń fi dí àlàfo omi tí oòrùn ń fà kì í ṣe omi mímọ́ gaara. Ìdọ̀tí ṣaláńgá àdúgbò ti lè ṣẹ́ wọ inú rẹ̀. Iná àpótí ń tàn láti ìdájí títí di àṣálẹ́. Bí iná ìjọba bá sì lọ, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri a dúró, omi a sùn kalẹ̀ bí omi ọ̀gọ̀dọ̀, ibi tí omi bá sì ti sùn ni aṣọ pupa fẹ́ràn láti tẹ́ ẹní sí.

A kò ra oògùn kankan mọ́. A dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán kí ènìyàn tó ka ọgọ́rùn-ún. A ń fi ọ̀pá rọ́bà fa aṣọ pupa náà jáde pẹ̀lú 20 lítà omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń fi omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa, tí a po iyọ̀ òkun mọ́, rọ́pò rẹ̀. A yí ojú ẹ̀rọ padà kí omi lè máa gbá ilẹ̀. A fi àkókò iná mọ sí wákàtí mẹ́jọ. A ra bátìrì tí yóò máa gbé ẹ̀rọ náà nígbà òkùnkùn. A sì kó ìṣáwùrú òkun mẹ́wàá síbẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ pé ewé omi ni oúnjẹ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà jẹ aṣọ pupa. Ní ìgbà kan a fi aṣọ dúdú bo àpótí náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èyí sì dín agbára ohun náà kù, ṣùgbọ́n n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: bí oúnjẹ bá ṣì wà nínú omi, aṣọ dúdú kò ju kí ó fún ènìyàn ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ. Oṣù mẹ́ta ni ó gbà wá. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí mi lójú, mo sì ní láti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ìmọ̀ràn mi di àṣejù. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iyùn sísìn mọ̀ pé bí ènìyàn bá fọ omi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí náítíréètì tàbí fọ́síféètì kankan mọ́ nínú rẹ̀, ohun mìíràn lè dìde tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n ń pè ní dinoflagellates, aláwọ̀ ilẹ̀, tí ń fà bí ikun imú, tí ìṣáwùrú tí ó bá jẹ ẹ́ sì lè kú. Èérí tí à ń lé àti iyùn tí à ń kẹ́, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ìwọ̀n ni a ń wá. Nípa eruku aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń bo àpótí titun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn da ara rẹ̀ láàmú, yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ojú oró ni í lékè omi, òṣíbàtà ni í lékè odò, ṣùgbọ́n nínú kòtò ẹja wa ní Ibiade, láti ibẹ̀ dé Àbígí àti Ìwópin, ohun tí ń lékè nísinsìnyí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ lọ sí etí kòtò kan ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Bí omi rẹ̀ bá ki bí ọbẹ̀ ewédú, ẹ óò rí ẹja epìyà tí wọ́n gbé ẹnu sókè ní ìlàlà bí ìgbà tí ènìyàn da ẹ̀pà sójú omi, tí wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán, ewé omi ń mú afẹ́fẹ́ jáde. Ní òru, òun náà ń mí, ó ń bá ẹja du ìwọ̀nba tí ó wà, ìdájí sì ni ìyàn náà máa ń mú jù. Ẹja àrọ̀ lè gòkè wá gba afẹ́fẹ́ lójú sánmà, èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí ewu, títí di ọjọ́ tí oníbàárà yóò dá ẹja padà pé ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bakitéríà aláwọ̀ aró ni ó ń fi òórùn yẹn sínú ẹran ẹja. Àlùbọ́sà àti ata kò lè bò ó.

Ohun tí ó fà á ni èyí tí a rí ní Èkó. Ẹni tí ó fẹ́ kí ẹja òun tóbi kí ọdún Kérésì tó dé a máa da oúnjẹ sílẹ̀ bí ẹni ń fúnrúgbìn, a kọ́ ilé adìẹ sórí kòtò kí ìgbẹ́ wọn lè máa já bọ́ sínú omi, a sì tún lọ gba oògùn tetracycline àti òkúta aró tí wọ́n ń pè ní copper sulphate nígbà tí omi bá ki. Mo ti rí ẹni tí ó da òkúta náà sí kòtò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ewé omi kú lóòótọ́, ó jẹrà ní òru, jíjẹrà náà gba gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi, ẹja sì funfun lójú omi nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí omi rẹ̀ ti rí na apá sínú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, kí ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀: bí ó bá ń rí i fírífírí, omi náà dára, bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti fara sin kí omi tó dé ìdajì apá, kí ó dá oúnjẹ dúró ní ọjọ́ náà, kí ó sì ṣí omi titun sí i. Ẹ̀kọ́ yìí kò gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbẹ́ kòtò ní agbègbè wa ni ẹnikẹ́ni ti fi hàn? Àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni ó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí òkun, NIOMR, tí ó wà ní Èkó láti ọdún 1975. Kí wọ́n wá sí ìletò, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì kan oníkòtò àti alápòótí gíláàsì pọ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n rí ewé omi kan tí kò ju mítà kan níbùú lóròó lọ nínú òkun lábẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀dá òkun ní Monaco. Caulerpa ni wọ́n ń pè é, inú àpótí gíláàsì ni ó ti ń ṣe ẹwà tẹ́lẹ̀, kí ogún ọdún sì tó pé, ó ti gba ilẹ̀ òkun ní Faransé, Ítálì àti Kùróṣíà, ó lé koríko tí ẹja ń bí sí lọ. Ní ọdún 1984 yìí kan náà ni ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ti gbé káàkiri ayé láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù nítorí ẹwà rẹ̀ gba odò Bẹ̀nẹ̀ wọ Badagry, kò sì pẹ́ tí ó fi dí ojú ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà, tí àwọ̀n kò rí ibi dẹ̀. Àwọn apẹja wa ṣì ń fi ọwọ́ fà á títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin iyùn àti ẹja òkun ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní ibikíbi tí ìwé ìròyìn yìí bá bá yín, mo fi ọlá àwọn tí ń jẹun lórí omi bẹ̀ yín: omi tí ẹ bá fà jáde nínú àpótí yín, ẹ má dà á sí gọ́tà tí ń lọ sí ọ̀sà. Ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí odò, kí ẹ sì sá ewé omi àti òkúta tí ẹ kò fẹ́ mọ́ sínú oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ ráúráú kí ẹ tó kó wọn dànù.